Ikọ́ Tí Mohammed Fi Sílẹ̀

Ká tó dárúkọ olè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dárúkọ òmùgọ̀. Ìyá Mohammed ni òmùgọ̀ ọ̀hún. Òun alára ló máa ń sọ ọ́, tí á máa fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀ tó tóbi bí odó, tí á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn àti omijé yẹn, èèyàn kì í mọ èyí tó ṣáájú èkejì.

Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú, Dókítà Ọlábísí mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Dókítà yìí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ló ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku, Mohammed sì wà lára àwọn tó ń fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó di pé èémí ọ̀hún tán. Dókítà rọra ń sọ̀rọ̀. Tó bá sọ gbólóhùn kan, á dánu dúró kí ọ̀rọ̀ lè wọ ìyá létí. Ó ní Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Ìyá ní, "Àmín." Ó ní òun ò fẹ́ kí irú ikú yìí pa ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá ní, "Àmín, láṣẹ Ànọ́bì." Ó ní bí ìyá bá gbà, àwọn fẹ́ gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí àwọn lè fi mọ ohun tó pa á. Ojú ìyá ti kún, etí rẹ̀ ti di. Láti kékeré ló sì ti mọ̀ pé bí ẹni ńlá bá ti dánu dúró, àmín ló kàn. Ló bá tún ké e, "Àmín! Ọlọ́run á gbà á."

Dókítà dì mọ́ ọn, ó dúpẹ́. Ìyá náà dúpẹ́ pé ó gbàdúrà.

Wọ́n sin Mohammed kí oòrùn tó wọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá tó gbọ́ lẹ́nu Nabeelah, opó ọmọ rẹ̀, pé Mohammed ò tíì wọlẹ̀ tán. Ègé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ṣì wà lókè, nínú ìgò, lórí pẹpẹ kan ní ilé ìwádìí Dókítà ní Tanke.

"Èmi ni mo fi àmín gé ọmọ mi," ni ìyá máa ń wí, á sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó bá wà níbẹ̀ kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ́ ikọ́. Bó bá ti ń kírun alaasárì, tó forí kanlẹ̀, á gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri: ikọ́ gbígbẹ, tó ń dún bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá òkúta wẹ́wẹ́. Ikọ́ Mohammed ni. Kò sí ìyá tí kò ní mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá sálámà tán, á dìde, á fi ọwọ́ ti eékún sókè, á lọ wo ẹ̀yìn ògiri. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tó tutù nìkan ló máa ń bá. Á wá padà wọlé, àwọn aládùúgbò á sì máa kí i láti ojúlé wọn: "Ìyá Mohammed, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Ní gbogbo Òkèlélé, òkú ni wọ́n ń pè bí wọ́n bá ń pè é.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, tí Dókítà pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Tanke. Ìgò náà ti di àwátì.

Gàní, àbúrò Mohammed, tí òun àti ìyá jọ ń gbé, ló mú un wọ kẹ̀kẹ́. Gàní ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú ilé ìlọ̀kúta kan náà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sọ òkúta di lẹ́búlẹ́bú fún àwọn tó ń ṣe ọ̀dà.

"Sún mọ́ ọ̀hún," ni ìyá wí fún un. "Èmi àti ìdí mi la jọ wọkọ̀."

Gàní sún. Kò rẹ́rìn-ín.

Yàrá méjì ni ilé ìwádìí náà, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ọlọ́pàá obìnrin kékeré kan dúró níwájú pẹpẹ, ó de fìlà iṣẹ́ lé ìjáàbù. Ìspẹ́kítọ̀ Àìṣà ni. Obìnrin yìí kì í pariwo. Ohun tó fi ń mú olè ni pé ó mọ̀ ọ́n dákẹ́. Á béèrè ọ̀rọ̀ kan, á wá dákẹ́ mọ́ èèyàn lórí títí ẹnu onítọ̀hún á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Kọ̀ǹpútà wà níbí," ló wí, "ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí wà níbí, fóònù wà lórí tábìlì. Wọn ò já kọ́kọ́rọ́. Ìgò ẹran òkú nìkan lẹni yìí gbé. Dókítà, kí ló wà lára ègé yẹn tí èèyàn lè tìtorí ẹ̀ jalè?"

Dókítà Ọlábísí wo ìyá kó tó dáhùn. "Ẹ̀dọ̀fóró èèyàn máa ń rọ̀ ni, bíi fóòmù. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ kan ti Mohammed, ó dún. Ó dún bí ìgbà téèyàn ń fi ọ̀bẹ ha òkúta." Ó yíjú sí Ìspẹ́kítọ̀. "Alhaji tó ni ilé ìlọ̀kúta ń sọ pé ikọ́ fée ló pa á. Àwòrán àyà tí mo yà, amòfin rẹ̀ lè jiyàn ẹ̀. Ègé yẹn ò ṣe é jiyàn. Ìgbìmọ̀ tó lè ti ilé náà pa ń jókòó lọ́sẹ̀ yìí, ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú wọn nìyẹn."

"Bí kò bá sí i ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ á máa lọ, Mà. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀ á máa fa eruku símú."

Ìyá yí sí Gàní. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n Alhaji ní ikọ́ fée ni, ikọ́ fée kì í sì í ṣe ẹ̀bi iṣẹ́. Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ tí bọ̀dá fi sílẹ̀? Ìgbìmọ̀?"

Ó yẹ aago wò, ó ní iṣẹ́ ti ń pe òun, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìyá fojú tẹ̀ lé e títí ó fi kọrí sọ́nà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: òun ò ní fún ilẹ̀ lọ́mọ kejì.

Àìṣà pe Ọláolúwa, ọ̀dọ́kùnrin tó ń mójú tó yàrá náà.

"Ta ló wọ ibí lánàá?"

"Ẹni mẹ́ta ni, Mà. Ìyàwó olóògbé wá, ó ń wo ìgò, ó ń sunkún. Bọ̀dá Gàní wá fẹ́ èémí. Lẹ́yìn ẹ̀, Alhaji Àbùbákàr, ọ̀gá wọn, gbé dísù wá fún jẹnẹrétọ̀ wa, pẹ̀lú ìrẹsì sàárà."

"Ìwọ wà níbí ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Mo wà níbí, Mà."

Àìṣà dákẹ́. Ó ń wo òrùka omi tí ìdí ìgò fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ.

"Mo wà níbí," ni Ọláolúwa tún wí. Òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́. "Àfi ìgbà tí Sísítà Nabeelah ń sunkún, tí mo lọ ra ẹ̀kọ. Ẹkún yẹn ni mi ò lè gbọ́, Mà. Àti ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ bu dísù Alhaji sí jẹnẹrétọ̀."

"Àlejò wá sílé, onílé sá jáde lẹ́ẹ̀mejì," ni ìyá wí. "Ọ̀nà ọ̀fun yìí ni yóò pa yín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí."

"Ẹ má bínú, Mà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Nabeelah ni wọ́n kọ́kọ́ bá nílé. Obìnrin náà ṣì wà nínú opó, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Àìṣà kò yí ọ̀rọ̀ po.

"Ìgbà kan wà lánàá tí ìwọ nìkan wà pẹ̀lú ìgò náà. O gbé e?"

"Mo fẹ́ gbé e," ni Nabeelah wí. "Mo na ọwọ́. Mo tún fà á sẹ́yìn. Mo ní bí mo bá gbé e, báwo ni n óò ṣe gbé e wọkọ̀? Kí n gbé ọkọ mi sórí itan láàrin àwọn èrò? A kì í sin òkú ká yọ ọwọ́ ẹ̀ síta, Ìspẹ́kítọ̀. Ká ní mo gbé e, ẹsẹ̀ ara mi ni ǹ bá fi gbé e lọ bá a níbi tó wà."

"Ó dá ẹ lójú pé ibẹ̀ lo máa gbé e lọ?"

"Níbo ni ǹ bá tún gbé e lọ?"

Àìṣà dákẹ́ mọ́ ọn. Nabeelah náà dákẹ́. Nígbà tó yá, Àìṣà dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí Mohammed."

Ọyẹ́ ti bo ibojì náà mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ orí sàárè ti sán wẹ́wẹ́, koríko ti gbẹ lé e. Alántakùn kan ti ta okùn láti òkúta orí dé òkúta ẹsẹ̀, eruku sì ti bà lé okùn náà títí ó fi funfun bí aṣọ àlà tí wọ́n nà sórí òkú. Àìṣà lóṣòó tì í, ó pẹ́ níbẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan.

"Ẹ wo bí alántakùn ṣe ń ṣọ́ ọ," ni ìyá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ báyìí láti ìgbà ọmọdé rẹ̀. "Àfi bí ẹni pé wọ́n ní kó má jẹ̀ẹ́ kí Mohammed dìde wá mú èyí tó kù."

Àìṣà ní kí Nabeelah máa lọ sílé. Òun àti ìyá wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó di ọ̀nà Malete.

Ohun tí ìyá rí ní ilé ìlọ̀kúta náà, kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín rí. Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo afẹ́fẹ́. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìpéǹpéjú wọn funfun, wọ́n fi àkísà di imú, bí òkú tó jí dìde nínú ìdì aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Ọ̀kan kọjá níwájú rẹ̀ tó gbé àpò lé èjìká. Èjìká Mohammed ni. Fìlà Mohammed ló wà lórí rẹ̀. Ìyá di apá ọlọ́pàá mú.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà ń rí i?"

"Mo rí i, Ìyá. Gàní ni."

Gàní ni lóòótọ́. Ó wo ìyá rẹ̀ lókèèrè, ó sì yí ojú kúrò.

Alhaji Àbùbákàr gbà wọ́n nínú ọ́fíìsì tí gíláàsì rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó ti lọ Mẹ́kà, tẹ̀sùbáà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde fún ìyá, ó fún un ní àga tirẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Àwa náà ò tíì gbàgbé Mohammed. Ikọ́ fée yẹn ṣe wá ní jàǹbá."

"Alhaji," ni Àìṣà wí, "ẹ dé Tanke lánàá."

"Mo dé ibẹ̀. Mo gbé sàárà lọ. Àbí sàárà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Kí lẹ ń ṣe nígbà tí Ọláolúwa lọ bu dísù?"

"Mo jókòó, mo ń wo fóònù mi."

"Ẹ rí ìgò?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ìgò ṣe? Ìspẹ́kítọ̀, ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bá. Ẹ lọ wo ilé wọn dáadáa. Àwọn ló ń sunkún ẹran yẹn."

Àìṣà dákẹ́. Ẹ̀rọ ń ké, gíláàsì ń gbọ̀n, Alhaji ń ka tẹ̀sùbáà. Bí ẹ bá mọ Ìyá Mohammed, ẹ ó mọ̀ pé kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́. Òun ló kọ́kọ́ já.

"Alhaji, ọmọ mi ò pé nílẹ̀! Lọ́jọ́ àlùkìyáámọ̀, tí wọ́n bá ní kí kálukú dìde, Mohammed á dìde. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á máa lọ, òun á máa wá èémí ẹ̀ kiri. Á máa bi mí pé, 'Ìyá, níbo lẹ fi í sí?' Kí ni n óò wí? Kí n ní mo fi ṣàmín?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Alhaji dìde. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Mo fi Ọlọ́run búra fún un yín, kò sí ohunkóhun lára ọmọ yín tó kù lókè ilẹ̀."

"Àmín," ni ìyá wí. "Àmín, Alhaji. Ẹ ṣeun."

Àìṣà wo Alhaji, ó wo ìyá. Ó dìde, ó dúpẹ́, wọ́n jáde.

Nínú ọkọ̀ ló tó sọ̀rọ̀. "Ìyá, ọ̀rọ̀ tí Alhaji sọ gbẹ̀yìn yẹn, kí lẹ pè é?"

"Àdúrà ni."

"Hẹ̀n." Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ìgboro. "Ṣé ẹ lè bá mi kí ìyàwó ẹ̀? Tí ọlọ́pàá bá dá nìkan kí èèyàn, kì í dùn mọ́ wọn."

Agboolé Alhaji jẹ́ ti àtijọ́, ọ̀kan lára àwọn tí àwọn baba ńlá sùn sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Hadiyyah, ìyàwó rẹ̀, gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, ó ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ àgbàlagbà kì í gbọ́ ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Mohammed ti gbé ìró sókè kó tó béèrè ọ̀nà.

Nígbà tó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ gbọnsẹ̀ kékeré ló gba ẹ̀gbẹ́ àwọn sàárè kọjá. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti gbẹ, ó ti pupa fún ọyẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè ìyá Alhaji ni ó ti rí i: òkìtì kékeré kan, tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, wọ́n fi omi wọ́n ọn, ó ṣì tutù. Òkúta kékeré wà ní orí. Wọ́n tẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ Mùsùlùmí. Òórùn káfúrà ń jáde lára ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, òórùn yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú.

Ìyá káwọ́ lérí. Ọmọ! Wọ́n ti bí òkú ọmọ nínú ilé yìí, òun sì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, òun tilẹ̀ ń béèrè ibi tí òun máa tọ̀ sí! Ó yára padà, ó kúnlẹ̀ gbì síwájú Hadiyyah.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀, jọ̀ọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ á gbà á, òmíràn á wọlé."

"Òmíràn kí ni, Ìyá?"

"Ọmọ."

"Ọmọ ta ni?"

"Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé. Tuntun yẹn."

Hadiyyah la ẹnu. "Ìyá! Àbíkẹ́yìn mi ti ń kàwé ní yunifásítì Malete. Ta ni yóò wá bímọ nínú ilé yìí, èmi àbí Alhaji?"

Ẹ̀rín bọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Ìyá ní àṣé ojú òun náà ti kú tán, òun ti ń sọ ebè di sàárè. Ó nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí ọlọ́pàá kó lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àìṣà ti dìde. "Ìyá, ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Ẹ̀rín kú mọ́ ìyá lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Alhaji fi dé. Bóyá ẹnì kan ti pè é, bóyá ẹ̀rí ọkàn ló lé e wálé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Dókítà Ọlábísí náà ti dé, nítorí Àìṣà ti fi fóònù pè é. Gàní tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú eruku lára. Gbogbo wọn dúró yí òkìtì kékeré náà ká.

"Alhaji," ni Àìṣà wí, "ta ló wà níbí?"

Alhaji wo ìyàwó rẹ̀. Hadiyyah fi ọwọ́ bo ẹnu. Àìṣà gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Nígbà tí mo dé Tanke, mo rò pé irú èèyàn méjì ló lè gbé ìgò yẹn. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rí parun lè gbé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jù ú síná, tàbí kó jù ú sódò Àsà, kò ní gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Ẹni tó fẹ́ kí òkú sinmi náà lè gbé e. Ìyẹn á gbé e lọ bá òkú, nítorí kò sí ẹni tí yóò sin ọwọ́ níbì kan, kó sin ara níbòmíràn, nígbà tó mọ ibi tí ara wà. Mo lọ síbojì. Alántakùn sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò débẹ̀. Torí náà, mo ní, kì í ṣe Nabeelah, kì í ṣe Gàní. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́, àfi ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì yín."

"Kí ni mo wí ní ọ́fíìsì mi?"

"Gbogbo wa là ń wá ègé tó sọnù. Ẹ̀yin nìkan lẹ kúnlẹ̀ tẹ́ ẹ fi Ọlọ́run búra pé kò sí ohunkóhun lára Mohammed tó kù lókè ilẹ̀. Ìyá pè é ní àdúrà, ó ṣàmín sí i. Ṣùgbọ́n Alhaji tí gbogbo Ìlọrin mọ̀ kì í fi Ọlọ́run búra lórí irọ́. Mo gbà yín gbọ́. Mo wá ń wá ilẹ̀ náà kiri. Ẹni tó bẹ̀rù ilé ẹjọ́, tó tún bẹ̀rù Ọlọ́run, òun nìkan ló lè jí ẹran òkú tán kó tún wẹ̀ ẹ́, kó sìnkú rẹ̀. Kò ní lè gbé e lọ síbojì gbogbogbòò, kí wọ́n má baà rí i. Ilé ni yóò sin ín sí. Ìyá ló bá mi rí i, níbi tó ti ń ṣe ìbánikẹ́dùn ọmọ tí wọn ò bí."

Tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ Alhaji. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Mo gbé e dé etí odò," ló wí. "Mo fi í sábẹ́ agbádá látòkè pẹpẹ dé inú mọ́tò, mo gbé e dé orí afárá. Mo na ọwọ́. Ọwọ́ kọ̀ fún mi. Mùsùlùmí ni. Ó ti kírun lẹ́yìn mi rí, nínú ọgbà iṣẹ́. Mo wá gbé e wá síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, kí wọ́n lè máa bá mi ṣọ́ ọ."

"Ikọ́ fée ńkọ́?" ni Dókítà bi í.

Alhaji wo eruku tó wà lára Gàní.

Ìyá Mohammed sún mọ́ ọn. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò gbá a létí, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ wẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Mo wẹ̀ ẹ́, Ìyá."

"Ṣé ẹ kírun sí i lára?"

"Mo kí i."

"Ẹ ṣeun." Ó mí kanlẹ̀. "Olè. Ẹ wẹ èyí tó kú, ẹ fi eruku pa àwọn tó wà láàyè mọ́lẹ̀."

Àìṣà ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Gàní gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí Àìṣà pè wá, ó ní kò sí àjèjì tí yóò gbẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Nígbà tó ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, Dókítà Ọlábísí fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni í. Bẹ́ ẹ bá ní ká gbé e lọ bá a ní sàárè rẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe. Bẹ́ ẹ bá gbà, màá gbé e síwájú ìgbìmọ̀." Ó dánu dúró.

Gbogbo ojú yí sí ìyá. Wọ́n ń dúró de àmín.

"N ò ṣàmín," ni ìyá wí. "Tún un sọ. Rọra sọ ọ́, kó yé mi tán."

Dókítà tún un sọ. Ìyá béèrè bóyá wọ́n máa tún un gé. Dókítà ní wọ́n máa gé e. Ó béèrè bóyá wọ́n máa dá a padà, títí kan èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Dókítà ní òun fúnra òun ni yóò gbé e wá sí Òkèlélé. Ìyá ro ó. Ó wo ẹ̀yìn Gàní tó tẹ̀, tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Ẹ gbé e lọ," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n bá ti ilé yẹn pa, ẹ gbé e wá fún mi."

Ṣọ́bìrì kan aṣọ funfun. Gàní kúnlẹ̀, ó gbé ìdì kékeré náà jáde, ó tú u lórí ọwọ́ ara rẹ̀. Kò pupa bí ẹran. Ó dúdú bí èédú tí òjò pa, ó sì ń dán wínníwínní níbi tí oòrùn ti kàn án, bí ẹni pé wọ́n rọ iyanrìn sínú rẹ̀. Gàní fi àtàǹpàkò ra á lórí. Wọ́n gbọ́ ọ nínú ìdákẹ́jẹ́ náà: ó dún kẹ̀rẹ́.

Ìgbà náà ni ikọ́ mú un. Ó yí ojú sí apá, ó ń gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé ṣe. Ikọ́ gbígbẹ, tó ń dún bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá òkúta wẹ́wẹ́.

Ìyá dúró gbagidi. Ó rí ilẹ̀ balùwẹ̀ tó tutù. Ó rí ẹ̀yìn ògiri, ní alaasárì, lójoojúmọ́, nígbà tí Gàní bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Gàní nu ẹnu, ó tún wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Ìyá," ló wí, "ṣé bí tèmi náà ṣe rí nìyí?"